Síkì wo ló bá yín mu, orí òkè wo sì ni ẹ ń lọ? Ìtọ́sọ́nà láti Ìgbògbò

Bí mo bá sọ fún àwọn ará Ìgbògbò níbí pé iṣẹ́ tí mo fi ọdún mẹ́fà ṣe ní Calgary ni pé mò ń de síkì mọ́ àwọn ènìyàn lẹ́sẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Bàbá kan tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ṣe ní Èbúté Ìkòròdú bi mí pé, "Ṣé pákó náà ni wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀, tí wọ́n á wá máa yọ̀ bọ̀ láti orí òkè tí yìnyín bò?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé wọ́n ń sanwó fún wọn ni?" Mo ní àwọn gan-an ló ń sanwó. Bàbá kọjú sí ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn àbúrò tó ti lọ sí Kánádà kò fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ẹ̀rín mọ́. Wọ́n dé ibẹ̀, òtútù lé wọn wọlé fún ọdún kan, ọdún méjì. Ọdún kẹta, ọmọ wọn ti lọ kọ́ síkì pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwé, ó ti ń fa ìyá àti bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sórí òkè. Ìgbà náà ni fóònù mi á dún: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, síkì wo ni kí n rà?" Ìdáhùn náà gùn ju ohun tí èèyàn lè sọ kí dátà tó tán lọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nìyí.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, síkì pọ̀ ní irú. Èyí tí Samuel Ikpefan fi ṣojú Nàìjíríà ní ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Beijing lọ́dún 2022, síkì ọ̀nà jíjìn ni: ó tẹ́ẹ́rẹ́, gìgísẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n fi ń sáré gba pẹ̀tẹ́lẹ̀ àti òkè kéékèèké kọjá. Kì í ṣe òun ni mò ń sọ. Èyí tí mò ń sọ ni wọ́n ń kọ all-mountain sí lára ní ṣọ́ọ̀bù. Èmi ń pè é ní síkì gbogbo-òkè. Ó dà bí ọkọ̀ tí a lè gbé gba títì ọ̀dà Ṣàgámù ní àárọ̀, kí a tún gbé e wọ ọ̀nà erùpẹ̀ lọ sí oko ní ọ̀sán. Kò ní yára tó ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún títì nìkan, kò sì ní lágbára tó katakata nínú ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n yóò gbé yín dé ibi tí ẹ ń lọ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé orúkọ kan ṣoṣo yìí ni wọ́n fi ń pe nǹkan bí ogójì oríṣi nínú ṣọ́ọ̀bù kan, tí èyí tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà kò sì jọ èyí tó wà ní ìparí rẹ̀ rárá.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ má purọ́ fún ara yín

Ní ibi tí mo ti ṣiṣẹ́, fọ́ọ̀mù kan wà tí oníbàárà gbọ́dọ̀ kún kó tó yá síkì. Ó ń béèrè ọjọ́ orí, gíga, ìwúwo, àti irú ẹni tí oníbàárà jẹ́. Irú kìn-ín-ní ni ẹni tó ń rọra lọ, tó fẹ́ràn ibi tí kò ga. Irú kejì wà láàárín. Irú kẹta ni ẹni tó ń sáré, tó ń wá ibi tó dúró bí ògiri. Mo rí ọkùnrin tó ti gun òkè lẹ́ẹ̀mejì péré láyé rẹ̀ tó fàmì sí irú kẹta nítorí pé ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀ dúró tì í. Ìdáhùn yẹn wà lára ohun tí a fi ń pinnu bí ìdè bàtà, ìyẹn ìdè tó so bàtà mọ́ síkì, ṣe máa le tó. Ẹni tó bá purọ́ gbé ara rẹ̀ ga, ìdè rẹ̀ lè má tú nígbà tó yẹ kó tú, orúnkún ni yóò sì san gbèsè irọ́ náà.

Irọ́ kan náà ni wọ́n máa ń pa bí wọ́n bá fẹ́ ra síkì. Wọ́n á ra èyí tó yẹ ẹni tí wọ́n ń retí láti dà ní ọdún márùn-ún sí i. Ẹ ra ti ẹni tí ẹ jẹ́ lọ́dún yìí, bóyá pẹ̀lú àyè díẹ̀ láti dàgbà sí i.

Báwo ni ẹ ṣe máa mọ̀? Bí ẹ bá ṣì ní láti mú imú síkì méjèèjì pàdé, tí ìdí wọn ṣí sílẹ̀, kí ẹ tó lè dúró, akẹ́kọ̀ọ́ ni yín. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Bí síkì méjèèjì bá ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ẹ lè yà sọ́tùn-ún, yà sósì lójú ọ̀nà aláwọ̀ búlúù, ṣùgbọ́n tí àyà yín ń já bí ilẹ̀ bá ti le, ẹ wà láàárín. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wà títí wọ́n á fi gbé síkì wọn kọ́. Bí kò bá sí àwọ̀ ọ̀nà kankan tó ń bà yín lẹ́rù mọ́, kí lẹ tún ń wá lọ́wọ́ mi?

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ yẹn ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, róbótó aláwọ̀ ewé ni ọ̀nà tó rọrùn jù, onígun mẹ́rin búlúù ni ti àárín, dáyámọ́ńdì dúdú ni èyí tó le, dáyámọ́ńdì dúdú méjì sì ni ti àwọn tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Yúróòpù, búlúù ni ti akẹ́kọ̀ọ́, pupa ni ti àárín, dúdú ni èyí tó le; Faransé tún ní aláwọ̀ ewé nísàlẹ̀ búlúù. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "búlúù ni mò ń gbà", ẹ béèrè pé búlúù ibo. Òkè kọ̀ọ̀kan ló ń kun àwọ̀ tirẹ̀ fúnra rẹ̀: búlúù òkè ńlá kan lè le ju dúdú òkè kékeré tó wà lẹ́yìn ìlú yín lọ.

Ìgbésẹ̀ kejì: òkè wo, ilẹ̀ wo?

Nílé, yìnyín ni a ń pe ohunkóhun tó bá dì tó sì funfun. Lórí òkè, ìyẹn kò tó. Ẹ jẹ́ kí a ya méjì sọ́tọ̀: òjò dídì ni èyí tó rọ̀, tó fúyẹ́ bí òwú, yìnyín ni èyí tó ti le gbandi, tó ń dún bí àwo tí irin bá kàn án. Gbogbo yíyan síkì dá lórí èwo nínú méjèèjì ni ẹ máa bá pàdé jù. Ẹni tó ti gun ọ̀kadà láti Ìgbògbò lọ sí Bàyékù lákòókò òjò mọ̀ pé ọ̀nà kan náà lè di ọ̀nà méjì láàárín wákàtí kan.

Ní alaalẹ́, ẹ̀rọ ńlá kan máa ń tẹ́ àwọn ọ̀nà orí òkè, tí ilẹ̀ á fi wá ní ìlà wẹ́wẹ́ bí aṣọ kọ́dúrọ́ì. Tí ẹ bá dé ibẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀, kò sí ohun tó dùn tó o. Nígbà tó bá fi di ọ̀sán, ẹsẹ̀ ti fọ́ ọ túútúú, àwọn ibì kan ti di òkìtì, àwọn ibì kan ti di yìnyín dídán. Níta ọ̀nà tí ẹ̀rọ tẹ́ ni òjò dídì tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn wà, àti igi, àti àpáta.

Ibi tí ẹ ń gbé ló máa sọ èyí tó pọ̀ jù. Ní Ontario àti Québec, òkè kò ga púpọ̀, òjò lè rọ̀ lé e, kí ó tún dì, ẹ̀rọ ló sì ń ṣe púpọ̀ nínú ohun funfun tó wà nílẹ̀. Ilẹ̀ líle ni wọ́n ń bá yí. Ní Alberta, ní Lake Louise àti Sunshine Village ní agbègbè Banff, òtútù ń mú kí òjò dídì gbẹ kó sì fúyẹ́. Ní Whistler, nítòsí òkun, ó ń rọ̀ púpọ̀ ṣùgbọ́n ó wúwo, ó ní omi nínú. Àwọn tó wà ní Ìlú Ọba, inú ilé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń kọ́ ọ, bíi ní Milton Keynes tàbí Hemel Hempstead, kí wọ́n tó wọ bàálù lọ sí òkè Alps fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀nà tí ẹ̀rọ tẹ́ sì ni wọ́n fi ń lo ọ̀sẹ̀ náà tán. Ní ilẹ̀ Áfíríkà tiwa náà, Afriski wà ní Lesotho, ní ibi tó ga ju 3,000 mítà lọ, tí wọ́n ń ṣe é ní oṣù kẹfà sí ìkẹjọ, Oukaïmeden sì wà ní Mòrókò.

Ẹ wá bi ara yín léèrè: nínú ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹ bá lọ, mélòó ni ẹ máa fi wà lójú ọ̀nà tí ẹ̀rọ tẹ́? Kì í ṣe mélòó ni ẹ *fẹ́*. Fún akẹ́kọ̀ọ́, mẹ́wàá ni. Fún ẹni àárín tó lọ́mọ lẹ́yìn, mẹ́sàn-án ni, bóyá mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ẹ kọ nọ́mbà yẹn sílẹ̀, a máa lò ó.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí kí n kọjá: bí ẹ bá rí okùn tàbí àmì pé ibi kan wà ní títì, ẹ má gba abẹ́ rẹ̀. Òkìtì òjò dídì máa ń ya lulẹ̀, ó sì ń bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Àwọn tó ń lọ síta okùn ń gbé ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí ènìyàn wà hàn, ọ̀pá ìwádìí àti ṣọ́bìrì lọ́wọ́, wọ́n sì ti kọ́ bí a ṣe ń lò wọ́n. Síkì fífẹ̀ kò rọ́pò ìyẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìbàdí síkì

Bí ẹ bá gbé síkì kan dúró, ẹ máa rí i pé ó ní ìrísí obìnrin tó de ìró mọ́dìí dáadáa: ó fẹ̀ lókè, ó tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, ó tún fẹ̀ nísàlẹ̀. Nọ́mbà mẹ́ta wà lára rẹ̀, bíi 130-88-112. Mìlímítà ni wọ́n. Èyí àárín ni ìbàdí, lábẹ́ bàtà gan-an, òun sì ni nọ́mbà tí mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Àwọn apẹja Bàyékù lè ṣàlàyé rẹ̀ ju mi lọ. Ọkọ̀ ojú omi tó tẹ́ẹ́rẹ́ ń ya omi bí ọ̀bẹ, ó ń yára. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ fẹ̀, tí wọ́n fi ń kó yanrìn, ń léfòó pẹ̀lú ẹrù ńlá, ṣùgbọ́n títọ́ ọ sọ́tùn-ún sósì gba agbára. Bẹ́ẹ̀ ni síkì rí. Èyí tí ìbàdí rẹ̀ fẹ̀ ń léfòó lórí òjò dídì tó jìn, kì í rì. Èyí tí ìbàdí rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ń yára bọ́ láti etí kan sí èkejì, etí irin tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ń rá ilẹ̀ líle mú. Lórí yìnyín, síkì fífẹ̀ máa ń fẹ́ yọ́ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀. Kí ẹ tó fi í sórí etí, ẹ ní láti lo orúnkún àti kókósẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ọ̀sán, ara á sọ fún yín.

Ọ̀rọ̀ omi yìí kì í ṣe àfiwé tèmi nìkan. Shane McConkey, ọmọ ilẹ̀ Kánádà tó gbówọ́ lórí síkì, ló ronú pé òjò dídì tó jìn sún mọ́ omi ju ilẹ̀ lọ, ó sì wo síkì orí omi kó tó fi èrò rẹ̀ ṣe nǹkan tuntun. Ilé iṣẹ́ Volant ṣe é jáde ní nǹkan bí ọdún 2002, wọ́n sì pè é ní Spatula. Ó fẹ̀, ó rí bí ìdí ọkọ̀ ojú omi. Láti ìgbà náà ni síkì gbogbo ti ń fẹ̀ sí i, tó fi di pé ní ọdún kan, kò sí ẹni tó fẹ́ gba èyí tó kéré sí 100 lọ́wọ́ mi, títí kan àwọn tí kò tíì lè dúró láìṣubú.

Báyìí ni mo ṣe ń pín in. Bí nọ́mbà ọjọ́ tí ẹ kọ sílẹ̀ bá jẹ́ mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá, ẹ wá ìbàdí tó wà láàárín 75 sí 88. Tí ẹ bá wà ní ìlà-oòrùn Kánádà tàbí ní Alps, ẹ dúró sí ìsàlẹ̀ ìwọ̀n yẹn. Ní Alberta, ẹ lè dé 88 láìsí ìjayà. Bí ẹ bá ń pín àkókò yín sí méjì, ààbọ̀ lójú ọ̀nà, ààbọ̀ níta, 90 sí 98 dára. Láti 100 lọ sókè, a ti ń sọ ti ẹni tó ń jí ní aago márùn-ún àárọ̀ wo ojú ọjọ́ bóyá òjò dídì rọ̀ lóru. Tó bá ti kọjá 110, kì í ṣe síkì gbogbo-òkè mọ́, ohunkóhun tí wọ́n bá kọ sí i lára. Bí ẹ bá ń ṣiyèméjì láàárín méjì, ẹ mú èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn tó ń tajà kò ní gbà pẹ̀lú mi, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: gígùn

Tẹ́lẹ̀, síkì gùn ju ènìyàn lọ, ó sì tọ́ bí ọ̀pá àjà. Ọkùnrin tó bá mọ̀ ọ́n ń lo 200 sẹ̀ǹtímítà àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Elan, ilé iṣẹ́ kan ní Slovenia, ló mú síkì kan tí wọ́n pè ní SCX jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tó ní ìbàdí gidi, tó sì kúrú. Láàárín ọdún díẹ̀, gbogbo ayé ti tẹ̀ lé wọn. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fún yín ní síkì gígùn tó tọ́ gbọọrọ lọ́fẹ̀ẹ́ láti inú gáréèjì bàbá rẹ̀, ẹ dúpẹ́, ẹ fi ṣe ọgbà.

Lónìí, ẹ gbé síkì dúró níwájú yín. Fún akẹ́kọ̀ọ́, kí orí rẹ̀ dé àgbọ̀n sí imú. Fún ẹni àárín, imú sí iwájú orí. Ẹni tó ń sáré tàbí tó ń wọ òjò dídì jíjìn lè lo èyí tó ga tó òun tàbí tó fi díẹ̀ jù ú. Ṣùgbọ́n síkì kò mọ gíga yín o. Ìwúwo ló mọ̀. Ẹni tó ga ṣùgbọ́n tó tínrín, kó mú èyí tó kúrú díẹ̀. Ẹni kúkúrú tó sanra, kó mú èyí tó gùn díẹ̀, nítorí pé ìwúwo ló ń tẹ síkì, síkì tí kò bá sì tẹ̀ kò ní yà.

Mo kọ́ ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú owó mi. Ní ọdún kìn-ín-ní mi, mo ra síkì kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì: 188 sẹ̀ǹtímítà, irin pẹlẹbẹ méjì nínú, ó ń dán. Èmi ga ní 175, mo wọn kílò méjìlélọ́gọ́rin nígbà tí ẹ̀bà ṣì pọ̀, ó ti dín kù sí àádọ́rin nígbà òtútù náà. Kò sí ohun tí mo ṣe tí nǹkan yẹn gbà láti yà. Ó kàn ń lọ tààrà, bí ọkọ̀ dáńfó tí bíréèkì rẹ̀ já, títí tó fi gbé mi sọ sínú nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ta sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ọmọ kékeré kan dúró, ó bi mí bóyá mo wà dáadáa. Mo tà á ní ìdajì owó rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ọrun, imú, àti líle

Ẹ tẹ́ síkì lé orí tábìlì, kí ẹ sì wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Bí àárín rẹ̀ bá dìde kúrò lórí tábìlì bí ọrun ọdẹ tí a dà délẹ̀, camber nìyẹn. Bí ẹ bá dúró lé e, ọrun náà á tẹ́, á máa ti imú àti ìdí mọ́lẹ̀, etí irin á sì di ilẹ̀ mú láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí imú bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sókè láti ibi tó jìnnà sí orí, bí iwájú ọkọ̀ ojú omi, rocker nìyẹn. Ó ń léfòó, ó sì ń rọrùn láti yí, ṣùgbọ́n apá tó gbé sókè kì í rá yìnyín mú. Rocker díẹ̀ ní imú, camber lábẹ́ ẹsẹ̀: ìyẹn ni kí ọ̀pọ̀ wa rà. Nítorí imú tó gbé sókè yẹn, síkì á dà bí ẹni pé ó kúrú ju ohun tí wọ́n kọ sí i lọ. Ẹ lè fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta sí márùn-ún kún un.

Láti mọ líle rẹ̀, ẹ fi ìdí rẹ̀ lélẹ̀, ẹ di imú mú lọ́wọ́ kan, ẹ fi ọwọ́ kejì ti àárín. Ẹ dán bíi mẹ́rin wò tẹ̀léra, ọwọ́ yín á bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìyàtọ̀. Èyí tó rọ̀ ń dárí jini. Èyí tó le kì í gbọ̀n bí ẹ bá ń sáré, ṣùgbọ́n kì í dárí àṣìṣe ji ẹnikẹ́ni. Inú púpọ̀ nínú wọn, igi ni. Àwọn kan ní Titanal, tí àwọn ontajà kan máa ń pè ní títaníọ̀mù. Irọ́ ni, álúmíníọ̀mù tí wọ́n pò pọ̀ mọ́ nǹkan mìíràn ni. Ó wúwo, ó sì ń mú kí síkì dúró ṣinṣin. Akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò rẹ̀.

Wọ́n tún máa ń kọ nọ́mbà kan pẹ̀lú lẹ́tà R tàbí m: bí òbíríkítí tí síkì fẹ́ yí ṣe tóbi tó. Mítà 12 sí 15 fẹ́ràn yíyà kúkúrú, 16 sí 19 wà láàárín, èyí tó ju 20 lọ fẹ́ ọ̀nà gbọọrọ.

Ti "síkì obìnrin" ńkọ́? Àwọn kan fúyẹ́, wọ́n rọ̀, wọ́n sì gbé ibi ìdè bàtà síwájú díẹ̀. Àwọn mìíràn, òdòdó tí wọ́n yà sí i ni ìyàtọ̀. Obìnrin tó lágbára kó mú èyí tó bá wù ú, ọkùnrin tó fúyẹ́ kó má tijú.

Ìgbésẹ̀ tó yẹ kó ṣáájú: bàtà

Mo mọ̀ pé ibí ló yẹ kí n ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi bàtà ṣíwájú, ẹ kò ní ka ìyókù. Bí owó bá kéré, ẹ ra bàtà tuntun tó bá ẹsẹ̀ yín mu, kí ẹ sì máa yá síkì. Síkì olówó iyebíye pẹ̀lú bàtà tí kò báni mu dà bí kí a fi okùn de sítíárì ọkọ̀: ẹ ń yí i, táyà kò gbọ́.

Gígùn ẹsẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà ni nọ́mbà bàtà síkì: ẹsẹ̀ tó jẹ́ 26.5, bàtà 26.5. Ẹ yọ ìtẹ́ inú rẹ̀ síta, ẹ ki ẹsẹ̀ bọ èèpo líle náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ ìka kan ìwájú. Àyè tó kù lẹ́yìn gìgísẹ̀ kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì lọ. Bí ẹ bá dá ìtẹ́ náà padà, kí ìka ẹsẹ̀ kan iwájú bí ẹ bá dúró ṣánṣán, kó sì sún sẹ́yìn bí ẹ bá tẹ orúnkún. Ó máa fún yín díẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ìbọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, èyí tó fẹ́lẹ́. Àwa tí òtútù ń bà lẹ́rù máa ń wọ méjì, ẹ̀jẹ̀ kò wá ní ráyè kọjá, ẹsẹ̀ á sì tutù ju ti ẹni tó wọ ẹyọ kan lọ.

Ìdè bàtà, àti ọ̀rọ̀ tòkúnbọ̀

Ìdè bàtà ni ohun tó di bàtà mú, tó sì gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀ bí ẹ bá ṣubú. Nọ́mbà tó wà lójú rẹ̀, tó ń sọ bó ṣe le tó, ni wọ́n ń pè ní DIN. Ọjọ́ orí, gíga, ìwúwo, gígùn ìsàlẹ̀ bàtà àti irú ẹni tí ẹ jẹ́ ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀. Ẹ má fi skúrúdíráfà yí i fúnra yín. Ẹ gbé e fún ẹni tí wọ́n kọ́, tó ní ẹ̀rọ tó fi ń dán an wò. Ìsàlẹ̀ bàtà kò sì rí bákan náà: àwọn kan jẹ́ pẹlẹbẹ líle, àwọn mìíràn jẹ́ GripWalk, tó tẹ̀ tó sì ní rọ́bà láti fi rìn. Kì í ṣe gbogbo ìdè ló ń gba méjèèjì. Bíréèkì tó wà lára ìdè gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó ìbàdí síkì, ṣùgbọ́n kó má ju ú lọ ní mìlímítà 15.

A mọ tòkúnbọ̀ dáadáa ní Ìkòròdú, ojú wa ti là. Ẹ lo ojú kan náà níbẹ̀. Ẹ fi èékánná gba etí irin láti imú dé ìdí: bí ó bá ti ya tàbí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ fi í sílẹ̀. Ìpẹtà díẹ̀ lójú rẹ̀ kì í ṣe nǹkan, ó ń kúrò. Ẹ dojú ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọ ìmọ́lẹ̀: ilà tí òkúta fà kò burú, ṣùgbọ́n bí ihò bá jìn tó fi hàn ìgi inú, omi ti wọ ibẹ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bóyá àwọn ìpele ti ń ṣí kúrò lára wọn bí ìwé tí òjò pa. Ẹ ka ihò ìdè: bí wọ́n bá ti lu ú ní ẹ̀ẹ̀mẹta, àyè tó kù kò ní gba ẹ̀ẹ̀kẹrin. Ìdè àtijọ́ sì ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù, torí pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é máa ń dá àtìlẹ́yìn dúró lẹ́yìn ọdún díẹ̀, tí ó bá sì ti ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù kò ní gbà láti fọwọ́ kàn án.

Bí ẹ kò bá ti í lọ tó ọjọ́ mẹ́wàá láyé yín, ẹ má ra nǹkan kan. Ẹ yá a. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń yáni fún gbogbo àsìkò òtútù, ó sì rọrùn jù fún ọmọ tó ń dàgbà. Àwọn kan máa ń jẹ́ kí ènìyàn dán síkì mẹ́ta wò ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀, ẹ gba ọ̀nà kan náà pẹ̀lú gbogbo wọn, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹsẹ̀ yín sọ sílẹ̀ kí ẹ tó bọ́ sórí òmíràn.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò mi obìnrin kan tó ń gbé ní Calgary fi fọ́tò síkì tòkúnbọ̀ kan ránṣẹ́. Ó ga ní 168, ó wọn kílò 74, ọdún kejì rẹ̀ nìyí, ọ̀nà búlúù ló ń gbà, pẹ̀lú àwọn ọmọ méjì. Lára síkì náà, wọ́n kọ 160, 127-84-109, R 14. Ìbàdí 84, ó dára fún un. Gígùn 160 dé iwájú orí rẹ̀, ìwúwo rẹ̀ á sì lè tẹ̀ ẹ́. R 14, yíyà kúkúrú, ohun tó fẹ́ gan-an nìyẹn. Mo ní kó ya ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ ní fọ́tò fún mi. GripWalk ni. Mo ní kó ya ojú ìdè náà, kó sún kámẹ́rà mọ́ ọn. Ìdè àtijọ́ ni, èyí tó gba bàtà pẹlẹbẹ nìkan. Mo sọ fún un pé kó lọ bi ní ṣọ́ọ̀bù iye tí ìdè tuntun pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ máa jẹ́, kó yọ ọ́ kúrò nínú owó tí ọkùnrin náà ń pè, kó sì gbé bàtà rẹ̀ dání bó bá ń lọ.